Oògùn wo ni kí wọ́n máa fi sílẹ̀ sínú rọ́bà àyà bàbá wa?

Ọmọ Bàbá: Ẹ kú ìjókòó o. Kíndìnrín bàbá wa ló daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Rọ́bà ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n tì bọ iṣan ọrùn wọn, tí ẹnu rẹ̀ yọ sí àyà, ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, òun náà ló ń gbà wọlé. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni kòkòrò ti tibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò tíì pẹ́ lórí ẹ̀rọ tí òtútù dé, eyín ń gbá eyín, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ò ràn án. Wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n fi òmíràn sí i. Ní báyìí, dókítà fẹ́ fi taurolidine kún heparin tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní gentamicin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n sábà ń gún lábẹ́rẹ́, ni kí wọ́n kúkú máa fi sí i. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ará mi. Heparin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rọ́bà, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri rọ́bà, á fi nǹkan tó ń yọ̀ bora, bíi ti inú kẹ́ẹ̀gì omi tó ti pẹ́ tí a ti fọ̀ ọ́. Bí ó bá ti bora báyẹn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí iṣan kì í sábà ká a. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi oògùn kún inú rọ́bà, tí a ó dé e pa títí di ìgbà míì, kí a tó wá fà á jáde. Taurolidine ń pa kòkòrò, kì í sì í ṣe irú èyí tí kòkòrò tètè ń mọ́ lára. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú heparin ní oṣù kọkànlá 2023, fún àgbàlagbà tó ń fi irú rọ́bà yìí fọ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n ṣe sùúrù. Gentamicin ni wọ́n lò fún ìyá mi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò wọ ara, etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hó, a ò tètè fura.

Alágbo: Ṣé ọtí líle ò lè ṣe é ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: 😂 Wọ́n ń lo ethanol ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún níbòmíràn, kì í ṣe tinú ìgò yín o! Rọ́bà silicone lè gbà á, ṣùgbọ́n ó lè mú irú rọ́bà mìíràn tí wọ́n ń pè ní polyurethane gbó kó sì là. Citrate náà wà, òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó fúyẹ́, ìdá 4, kò burú. Èyí tó le, ìdá 46.7, ló jẹ́ kí FDA kéde ìkìlọ̀ ní 2000 lẹ́yìn tí aláìsàn kan kú, nítorí bó bá já wọ ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró.
Ọmọ Bàbá, ẹ wo ara rọ́bà náà dáadáa, wọ́n kọ iye milílítà tí apá kọ̀ọ̀kan ń gbà sí i. Oògùn ò gbọdọ̀ ju iye yẹn lọ. Ẹ sì máa ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣí i: ṣé ó bo imú, ṣé ó fi ọtí ìpakòkòrò ha ẹnu rọ́bà kó tó so ó mọ́ ẹ̀rọ? Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò bàbá ti wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi rọ́bà yẹn fa omi sí wọn lára. Ṣé wọn ò tíì bá yín sọ̀rọ̀ fistula ni, ìyẹn iṣan méjì tí wọ́n ń so pọ̀ ní apá kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ dípò rọ́bà?

Ọmọ Bàbá: Ẹ ṣé gan-an, mà. Wọ́n ti ṣe é sí apá òsì, wọ́n ní ó ṣì ń gbó lọ́wọ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹni tó ṣí rọ́bà ń dáhùn fóònù lọ́wọ́. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ sọ̀rọ̀ lọ́la.