Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méje, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ mi. Oṣù méje rèé tí mo ti wà nílé ní Ìkòròdú, ìbàdí ń ro mí débi pé ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Dókítà ti ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí.

Yàrá yìnyín ni mo wà níléeṣẹ́ wa ní Odogunyan, páálí ẹja là ń tò. Tí mo bá fi máa jáde, ìka mi á ti kú tipiri, bẹ́ẹ̀ òtútù gan-an wà lára ohun tó ń jí ìrora yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sídìí àkọsílẹ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ò mọ̀ pé SS ni mí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí ni mo sọ, ọkàn mi sì ń dá mi lẹ́bi.

Ọjọ́ iṣẹ́ 12 péré lọ́dún ni òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n sanwó fún aláìsàn tó níwèé dókítà. Tèmi ti tán tipẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ṣé kí n kọ́kọ́ fẹnu sọ fún ọ̀gá ni, àbí kí n mú lẹ́tà dókítà dání? Ta ló ti fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé wọn ò gé owó oṣù yín?