Ẹ gbà mí o! Kókó okùn wo ni kí n fi so bréèdì mọ́ lídà ńlá fún ẹja ekurá (ṣáàkì)?

Àrẹ̀mú_Ọ̀sà: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdájí ọ̀la la ń lọ. Bréèdì, okùn ìpẹja tí wọ́n hun, ló wà lára ríìlì tí mo fi ń ká okùn, mo sì ti ra lídà, okùn tó máa wà lápá ìdí ìwọ̀, tó nípọn dáadáa. Gbogbo kókó tí mo ta láti ìrọ̀lẹ́ ló ń yọ̀. Èwo ni kí n ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọwọ́Líle: Kókó tí wọ́n ń pè ní FG ni, ọ̀rẹ́ mi. Na lídà tọ́ọ́rọ́, máa fi bréèdì lọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan lókè, ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀, títí yóò fi tó ìgbà 20. Lídà fúnra rẹ̀ kò ní ká rárá, ìdí nìyẹn tí kókó náà fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń gba inú òrùka ọ̀pá kọjá láì ha. Tu itọ́ sí i, wọ ìbọ̀wọ́, kí o wá fà á gan-an. Àwọ̀ bréèdì gbọ́dọ̀ ṣú. Bí kò bá ṣú, kò tíì jẹ wọ ara lídà.

Ìyá_Ìwọ̀: Ọmọ mi, o ò sọ bí lídà ṣe nípọn tó. Ṣé èyí tó ń gbé ìwúwo pọ́n-ùn 100 kó tó já ni àbí 400? Etíkun lo máa dúró sí àbí inú ọkọ̀?

Ògbójú_Odò: Àbúrò, má ta FG o. Òun ni mo ta lóru ọjọ́ kan, ọwọ́ mi tutù, iná orí mi ti ń kú lọ. Ìgbà 12 ni mo lọ́ ọ, mo ní ó tó. Ekurá gbé e. A jọ fà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, mo ti ń rí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lójú omi. Kókó wọ inú òrùka, ẹja tún sáré, kókó jáde. Ó wọlé, ó tún jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá kàn nà gbọọrọ. Nígbà tí mo ká okùn wálé, ìdí bréèdì lọ́ kòlọ̀kòlọ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Okùn tó já kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á rí jákujàku. Ó yọ̀ ni. Ẹja yẹn lọ tòun ti ìwọ̀ àti lídà mítà 6 lẹ́nu. Òun ló dùn mí jù, títí dòní.

ỌmọApẹja: Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò ní ta á mọ́.

Ọwọ́Líle: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìgbà 12. Ẹ má di ẹ̀bi ru kókó.

Ògbójú_Odò: Ṣé òkùnkùn kọ́ lòun náà máa bá ara rẹ̀ lọ́la ni? Bí okùn bá já ní aago mẹ́ta òru, tí atẹ́gùn ń fẹ́, ta ni yóò ka 20 fún un?

Ọwọ́Líle: Kó ta mẹ́ta sílẹ̀ nílé, kó ká wọn dání!

Adékọ́kùn: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Kókó Bimini twist ni kẹ́ ẹ ta sí bréèdì, yóò fún yín ní ojú okùn tó jẹ́ oníméjì. Ẹ ti ojú lídà bọ inú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fi kọ́ ara wọn, bréèdì yóò rẹ́ lídà mónò, ìyẹn okùn ọ̀rá ẹlẹ́yọ kan tí wọn ò hun, bí ọ̀bẹ.

Wúràọlá_Òkun: Ìwọ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Ìwọ̀ roboto tí ẹnu rẹ̀ kọ sínú ni kó lò, igun ẹnu ló sábà máa ń mú, ẹja kì í sábà gbé e mì. Kó mú ohun tó lè gé wáyà dání. Kó má sì wọ́ ekurá gun iyanrìn gbígbẹ o, omi ló ń gbé ìwúwo ara rẹ̀.

Àrẹ̀mú_Ọ̀sà: Ẹ ṣeun, mà. Pọ́n-ùn 400 ni lídà mi, bréèdì jẹ́ 80. Etíkun ni.

Ìyá_Ìwọ̀: Háà! Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Ara lídà 400 le jù, bréèdì tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè jẹ wọ̀ ọ́. Má so wọ́n mọ́ra tààrà. So bréèdì mọ́ mónò 80 tàbí 100, kí mónò náà gùn. So mónò mọ́ swivel, irin kékeré tó ń yí kí okùn má baà lọ́, kí lídà 400 wá tẹ̀ lé swivel. Lídà yẹn, kókó kò yẹ ẹ́, sleeve, irin kékeré oníhò tí okùn ń gba inú rẹ̀, ni kí o fi púláyà rẹ̀ tẹ̀, àárín ni kí o tẹ̀, má tẹ etí rẹ̀ kó má baà gé okùn. Wáyà ló máa gbẹ̀yìn, nídìí ìwọ̀, nítorí eyín. Bí o bá fọwọ́ ra ekurá láti ìrù wá sí orí, wàá mọ̀ pé sáńpépà ni. Ìrù rẹ̀ á máa gbá okùn, ara rẹ̀ á máa ha á. Kí lídà gùn ju ẹja lọ, kí bréèdì má fara kàn án rárá.

Adékọ́kùn: Bimini náà ṣì dára fún ti mónò yẹn.

Ọwọ́Líle: FG dára jù ú lọ.

Àrẹ̀mú_Ọ̀sà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo rí mónò 80 nínú àpótí mi. Mo gbìyànjú FG lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tú mọ́ mi lọ́wọ́. Kókó Uni méjì tó kọjú síra ni mo padà ta, ìyípo 8 fún bréèdì, 5 fún mónò, nítorí òun lọwọ́ mi mọ̀. Mo so ó mọ́ irin fèrèsé, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi gbogbo ara fà á. Kò yọ̀. Mo ti fi swivel àti sleeve sí i bí màmá ṣe wí.

Ògbójú_Odò: Uni yẹn tóbi, yóò máa kọ lu òrùka.

Ìyá_Ìwọ̀: Kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, rọra ju ú, kí o sì máa fi èékánná yẹ kókó yẹn wò lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti hu irun, gé e, kí o tún un ta.

Àrẹ̀mú_Ọ̀sà: Mo gbọ́, mà. Wọ́n ti ń fọn fèrè mọ́tò níta. Mo ń lọ.