Àpá inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ: kí ló kù tí a lè ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn lórí ẹnì kan tó gba carmustine, oògùn jẹjẹrẹ kan, nígbà tó wà ní ọmọdé nítorí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ. Àpá oògùn yìí lè pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró títí di ọdún 17 kó tó yọjú, pàápàá bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 1,400 lọ fún ìwọ̀n mítà alápá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ti ojú ara aláìsàn.

CT, àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ yà, fi hàn pé òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ni àpá náà wà, awọ tó bò wọ́n sì ti nípọn. PPFE (pleuroparenchymal fibroelastosis, àpá tó ń mú òkè ẹ̀dọ̀fóró àti awọ tó bò ó le) ni wọ́n fura sí. Ikọ́ gbẹ wà, àyà ń di pẹlẹbẹ, ara sì ń rù.

Gígé ẹran ẹ̀dọ̀fóró fún àyẹ̀wò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ tètè máa ń jò, tí afẹ́fẹ́ á kó sí àyà, ojú ihò náà kì í sì í fẹ́ dí. Ṣé CT àti àkọsílẹ̀ oògùn tó láti fi pinnu?

Prednisolone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, kì í sábà ran àpá tó ti le lọ́wọ́. Nintedanib, oògùn tó ń gbógun ti àpá ẹ̀dọ̀fóró, lè dín ìyára rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ara rírù, ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀ sì nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó fún irú èyí, ìwọ̀n wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ló yẹ kí a darí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró?