Ibo la lè kó ọmọ kékeré lọ jẹun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ méjì ni mo ní, ọkùnrin ọmọ ọdún 4 àti obìnrin tí kò tíì pé ọdún 2. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Kétu lópin ọ̀sẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jáde lọ jẹun, kí màmá sinmi ìdáná.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a lọ síbì kan létí ọ̀sà. A jókòó ju wákàtí kan lọ kí amìwọ̀ (òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì sè) àti adìẹ tó dé, ebi sì ti ń pa àwọn ọmọ gan-an. Bí wọ́n ṣe gbé àwo kalẹ̀ báyìí, àbúrò ti ki ọwọ́ bọ ata lílọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi nu ojú. Háà! Omi ni mo ń dà sí i lójú títí ọkọ mi fi sanwó. Ọ̀kankan nínú wa ò jẹun. Àánú ọmọ náà ṣì ń ṣe mí.

Ibo lẹ mọ̀ tí kò sí létí títì, tí sẹ́míjàn (ọ̀kadà) ò ti ní kọlu ọmọ tó bá sá jáde, tí orin ò sì pariwo jù? 10,000 sefa la ní fún gbogbo wa. Tí mo bá gbé ẹ̀kọ ọmọ dání láti ilé ńkọ́, ṣé olóúnjẹ ò ní bínú? Àbí kí n ti pè wọ́n ṣáájú, kí wọ́n bá mi yọ ẹja tí kò lata sọ́tọ̀?