Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì: ṣé ó le ni, àbí ó wúwo, àbí ó gan, àbí ó há?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbí ní òun ń túmọ̀ ìwé kékeré kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù (èyí tá à ń fi ọwọ́ òsì fà lórí hándù ká tó yí jíà) ṣe tí kò bá ṣe é fà dáadáa mọ́, ó wá pe àkọlé ẹ̀ ní "Àtúnṣe Ọwọ́ Ìdìmú Líle". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀, pé "le" ti tó, kí la tún ń wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò gbà.

Ká ti orí "ìdìmú" bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fà á yọ, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ló jọ kéèyàn di nǹkan mú. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn àwo pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí sípíríìnì tẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n bá ṣe lẹ̀ mọ́ra yẹn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dé jíà tó sì ń yí táyà. Tẹ́ ẹ bá wá fa ti ọwọ́ òsì, wáyà á fa apá kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì, sípíríìnì á gbà, àwọn àwo á tú ara wọn sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ìka yín dì í mú gan-an ni inú lọ́hùn-ún ń jọ̀wọ́ ara wọn! Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó bá ka "ìdìmú" á rò pé bíi bíréèkì ni. Ẹni tó dábàá pé ká pè é ní "ajọ̀wọ́" ló sún mọ́ òtítọ́ jù, ṣùgbọ́n ó dún bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ sì lọ sọ fún mẹkáníìkì pé ajọ̀wọ́ yín bàjẹ́, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Kílọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ayé ń pè é, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì.

"Èèkù" tí wọ́n ní ká fi rọ́pò "ọwọ́" náà ò wọlé. Èèkù idà kì í rìn lórí idà, ibi téèyàn dì mú ni, rọ́bà orí hándù ló jọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ibi idà yẹn kan náà a lè rí nǹkan mú: páìpù dúdú tí wáyà ń wọ inú ẹ̀ lọ tó ń tinú ẹ̀ bọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní àkọ̀. Àkọ̀ wáyà. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú.

Ó wá ku "le". Irin ni o, ó yẹ kó le, tó bá rọ̀ ni ẹ̀rù á bà mí. Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá lò ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tú. Tó bá ń lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin àmọ́ tó ń gba agbára, ó wúwo nìyẹn, wáyà ti gbẹ nínú àkọ̀ tàbí wọ́n ká àkọ̀ náà jù. Tẹ́ ẹ bá yọ wáyà kúrò lórí ẹ̀ tí ọwọ́ náà fúnra ẹ̀ ò tún fẹ́ rìn, ó gan ni, bóòtù tó gbé e dúró ló ti dọ̀tí tàbí ẹnì kan ló fún un jù, ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i.

Tó bá rìn dé àárín tó wá kọ́, ó há. Tèmi nìyẹn lọ́jọ́sí. Mo ti ń pè é ní "ó le" fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń tú bóòtù, mo ń fi gírísì, kò gbọ́. Ìgbà tí mo fetí sí i ni mo gbọ́ pé ó ń dún kẹrẹkẹrẹ tí mo bá fà á, mo bá yọ wáyà, fọ́nrán kan ṣoṣo ló ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, irin róbótó tó wà lórí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ yọ síta bí ẹ̀gún ó wá ń ha inú àkọ̀. Gírísì wo ló fẹ́ wo ẹ̀gún sàn? Wáyà tuntun ni. Ká ní "ó há" ni mo ń sọ látilẹ̀ ni, wáyà ni mi ò bá kọ́kọ́ wò. (Lóòótọ́ o, "ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì há" dún bíi pé ahun ni kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.)

Nǹkan méjì tún wà nínú ìwé yẹn tó ń bí mi nínú. Wọ́n kọ "fi ọ́ìlì pa wáyà". Ẹ̀yìn àkọ̀ lẹni tó bá gbọ́ "pa" máa fi ọ́ìlì kùn, asán ni. Kíkán là ń kán an: ẹ so ọ̀rá kékeré mọ́ ẹnu àkọ̀ lókè, ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ jẹ́ kó ṣàn títí tó máa fi yọ nísàlẹ̀. Èkejì ni "eré ọ̀fẹ́". Háà! Ààyè kékeré tí ọwọ́ máa ń rìn kí wáyà tó na ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o, èyí tó jẹ́ bíi mìlímítà 2 sí 3 ní ìdí ọwọ́ náà, níbi tó ti so mọ́ hándù, lára ọ̀pọ̀ alùpùpù. Tí kò bá sí i rárá, àwọn àwo ò ní lẹ̀ mọ́ra tán, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á jóná. Àwọn mẹkáníìkì ti ń sọ pé "wáyà dẹ̀" tipẹ́, kí ló dé tá ò pè é ní ìdẹ̀?

Àkọlé tèmi ni "Bí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù bá ṣòro ó fà". Lábẹ́ ẹ̀ kó wá pín in sí ó wúwo, ó gan, ó há. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju "kókó" lọ fún irin róbótó orí wáyà yẹn kó jọ̀ọ́ mú un wá, èmi ò tíì rí.