Ilẹ̀ epoxy ilé iṣẹ́ wa ti ń ṣí, kí la máa dà síbẹ̀ báyìí?

Alábòójútó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ résínì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wàrà ni mò ń bójú tó, forklift ò sinmi níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tílẹ̀ bá sì ti ṣú wọ́n á fi omi tó gbóná gan-an pẹ̀lú kẹ́míkà fọ gbogbo ẹ̀. Epoxy, ìyẹn résínì olómi tó máa ń le gan-an tó bá ti gbẹ, ni agbaṣẹ́ṣe dà fún wa, nígbà tó parí ẹ̀ inú gbogbo wa dùn torí ó ń dán, àmọ́ kò tíì pé ọdún kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú láwọn ibì kan, tẹ́ ẹ bá gún un omi á rú jáde, lọ́nà tí forklift ń gbà ó ń bó, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló wá burú jù, odindi abala ló ń ṣí kúrò níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe yẹn ní ká jẹ́ kóun fi epoxy míì lé e lórí, ẹlòmíì ní PU sìmẹ́ǹtì (résínì polyurethane tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì) ló yẹ ká dà, owó ẹ̀ sì ju ti epoxy lọ dáadáa. Èwo ni ká ṣe?

Onígíráíńdà
Ọ̀gá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú èyí tó ti ṣí yẹn, ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń dán tàbí tó ní eruku funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ pé wọn ò họ kọnkéré kí wọ́n tó da epoxy, torí tí wọ́n bá da kọnkéré tuntun, omi sìmẹ́ǹtì máa ń léfòó wá sókè, á gbẹ, á di èèpo kan tí ò lágbára, gbogbo résínì tẹ́ ẹ bá sì dà lé èèpo yẹn, èèpo yẹn nìkan ló dì mú, kò di kọnkéré mú rárá. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wá gbé kọnkéré tó nípọn dání, résínì ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, kọnkéré ló já. Ẹ wò ó níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ dárúkọ, torí lójú mi ó jọ pé ìṣòro yín ju ẹyọ kan lọ.

Máníjà_kejì
Ní tèmi o, kí ni PU sìmẹ́ǹtì fẹ́ ṣe tí epoxy tó nípọn ò lè ṣe? Wọ́n dà á tẹ́ẹ́rẹ́ fún yín ni. Níbi tá à ń kó ẹrù sí lọ́dọ̀ tiwa, milimítà 3 ni, forklift ń gùn ún lójoojúmọ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó nípọn, ó parí.

Onímọ̀_résínì
Rárá o @Máníjà_kejì, ibi ìkẹ́rùsí yín gbẹ, kò sẹ́ni tó ń da omi gbígbóná sí i. Epoxy dáa gan-an níbi gbígbẹ, mi ò bá a jà, ó le, ó sì ń gbé ẹrù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ epoxy tí wọ́n ń dà sílẹ̀, tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 50 sí 60°C ni wọ́n ti ń rọ̀, wọ́n sì máa ń fẹ̀ nínú ooru ju kọnkéré tó wà lábẹ́ wọn lọ. Tómi gbígbóná bá dà sí i á fẹ̀, tómi tútù bá tẹ̀ lé e á sún kì, kọnkéré ò sì lè bá a rìn, bí wọ́n á ṣe máa fa ara wọn nìyẹn lójoojúmọ́ títí nǹkan fi máa já. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kó nípọn sí i, agbára tó fi ń fa kọnkéré lẹ̀ ń fi kún. Ásíìdì inú wàrà tó ti kan náà sì ń jẹ epoxy díẹ̀díẹ̀. Ní ti PU sìmẹ́ǹtì, bó ṣe ń fẹ̀ tó ń sún kì sún mọ́ ti kọnkéré, milimítà 9 ni wọ́n sábà máa ń dà síbi tí omi tó ń hó tàbí steam ti ń kàn án, milimítà 6 wà fún ibi tí ooru ẹ̀ ò tóyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀ lójoojúmọ́, PU sìmẹ́ǹtì ni, mi ò ní jiyàn lé e.

Alábòójútó
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ wò ó. Ti ọ̀nà forklift, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán, eruku funfun wà lára ẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kọnkéré bá a wá, ó nípọn. Ibi tó wú, omi inú ẹ̀ ń yọ̀, ó sì ń rùn bíi kẹ́míkà, apá ibẹ̀ ló sì jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ ló wà lábẹ́ kọnkéré, mi ò rí i nínú ìwé pé wọ́n tẹ́ náílọ̀n sábẹ́ ẹ̀. Tá a bá máa da PU sìmẹ́ǹtì, ṣé dandan ni ká họ ti tẹ́lẹ̀ kúrò? Agbaṣẹ́ṣe ní kò pọn dandan. Ó sì máa tó ìgbà wo ká tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́?

Onígíráíńdà
Ẹ họ gbogbo ẹ̀ kúrò o! Ohun tó ti ń ṣí, tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí, àwọn méjèèjì ló máa jọ ṣí. Masín tó ń yin ọta irin kéékèèké lu kọnkéré ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi grinder ṣe etí ògiri, ẹ má gbà kí wọ́n fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kò ní họ ọ́ tó, omi ẹ̀ á tún wọ kọnkéré lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi masín fa ojú kọnkéré yẹn wò bóyá ó lágbára tó, 1.5 N/mm² (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi fà á) ló sábà máa ń wà nínú ìwé résínì pé kó tó kó tó já.

Ibi tó wú yẹn, ọ̀rinrin ló ń gbà látabẹ́ wá. Àwọn kan máa ń fi téèpù lẹ náílọ̀n mọ́lẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán, kí wọ́n wá wò ó bóyá omi á so sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ń fi hàn pé ọ̀rinrin wà, àmọ́ kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò sínú kọnkéré, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin inú ẹ̀, tó bá jẹ́ apá òkè nìkan ló ń gbẹ, ibi 40% jíjìn kọnkéré ni ẹnu ẹ̀rọ ti máa ń wà. PU sìmẹ́ǹtì máa ń fara da ọ̀rinrin ju epoxy lọ, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, kí wọ́n kọ́kọ́ da primer tó ń dí ọ̀rinrin.

Onímọ̀_résínì
Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńkọ́, kí wọ́n gé ihò tóóró sínú kọnkéré yí i ká, kó jìn kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ dà ṣe nípọn, kí PU lè wọnú ẹ̀ lọ dì í mú, torí etí ni ṣíṣí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Jọ́ìntì kọnkéré tó ń rìn, wọn ò gbọ́dọ̀ dà á bò mọ́lẹ̀, kí wọ́n gé e lórí ilẹ̀ tuntun náà, kí wọ́n wá fi sealant tó ń rọ̀ dí i.

Ní ti àkókò, tójú ọjọ́ bá wà ní nǹkan bíi 20°C, ẹ lè máa rìn lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó máa ju ìyẹn lọ kí kẹ́míkà tó lè kàn án, ìwé ọjà tẹ́ ẹ bá rà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé MMA, oríṣi résínì míì, máa ń gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì, òótọ́ ni, àmọ́ òórùn ẹ̀ le gan-an, mi ò ní gbà kí wọ́n dà á nítòsí wàrà. Àwọn tó ń pò ó, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó yẹ, torí ara tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn kẹ́míkà yìí, ó ṣòro kó tó gbà wọ́n mọ́. Kí wọ́n sì po odindi páàlì pọ̀, kí wọ́n má fojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ da igun kékeré kan fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń fọ ilẹ̀ lálẹ́ wá dán an wò, torí yanrìn tí wọ́n ń fọ́n sí i kó má baà yọ̀, tó bá ti pọ̀ jù ìdọ̀tí á máa há sí i, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ló sì máa mọ ìwọ̀n tí wọ́n lè fọ̀ kó mọ́.