Gígun ìgbì, pósítà àti òjìji: èsì sí àbá tó wá láti Iléṣà

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti àbúrò, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀.

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Iléṣà ti dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún wa, tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ nípa pósítà àwọn fíìmù eré orí ìgbì òkun, eré tí òyìnbó ń pè ní surfing, níbi tí ènìyàn ti ń dúró lórí pákó tí ìgbì ń gbé lọ. Wọ́n ní kí a pe eré náà ní "ìlúwẹ̀ẹ́ ìgbì", kí a pe pósítà ní "pátákó ìpolówó", kí a sì pe àwọn ènìyàn inú àwòrán náà, tí a kùn ní dúdú láìsí ojú tàbí imú, ní "òjìji". Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí bí ènìyàn bá dúró níwájú àwòrán náà gan-an, wọn kò ṣeé fi ròyìn ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó lókìkí jù lọ. John Van Hamersveld ló ṣe é ní àwọn ọdún 1960 fún The Endless Summer, fíìmù Bruce Brown tó dé àwọn sinimá Amẹ́ríkà ní 1966. Oòrùn ńlá roboto kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò àti píǹkì ń tàn yòò, ìkankan ò rọra wọnú èkejì. Níwájú oòrùn yìí ni ènìyàn mẹ́ta wà, dúdú kirikiri, kò sójú, kò símú. Ẹni iwájú gbé pákó rẹ̀ lérí. Inú fọ́tò ni ayàwòrán náà ti yọ wọ́n, ó sì mú gbogbo nǹkan kéékèèké kúrò títí ó fi ku ìrísí wọn nìkan. Bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ òkú àti ọjọ́ ìsìnkú sára aṣọ níbí náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: aṣọ fẹ́lẹ́ tí a nà sórí férémù, férémù kan fún àwọ̀ kan.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ Bàbá ròyìn rẹ̀: "Nínú pátákó ìpolówó yìí, òmùwẹ̀ ìgbì gbé pátákó lérí, ó sì di òjìji." Pátákó wo nínú pátákó wo? Ní Ifẹ̀, pátákó ìpolówó ni èyí gàgàrà tó dúró lórí òpó irin lẹ́bàá títì. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti Lágéré dé Mayfair, pósítà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ yẹn. Fún inú ìwé, "àlẹ̀mógiri" tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní wọ́n ti ń fi gíláàsì bò ó kọ́ sílé báyìí. Ara ògiri náà ṣáà ni wọ́n ń kọ́ ọ sí.

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí jẹ mí lógún. Kí Brown tó rí sinimá ńlá wọ̀, gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ létí òkun California ló ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri, á dúró, á máa fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ènìyàn ń wò. John Severson ń ṣe fíìmù, ó tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya pósítà. Ìwé ìròyìn Surfer tó dá sílẹ̀ ní 1960, ìwé pẹlẹbẹ tó ń bá fíìmù rẹ̀ rìn ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí Hubert Ògúǹdé àti Adé Love ṣe ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú mọ irú òwò tí à ń sọ. Pósítà ló ń ṣáájú wọn wọ̀lú. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí fíìmù ti lọ, àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ òjò. Ọnà ni, ọ̀rọ̀ tí Moyo Okediji, Kunle Filani àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi sọ ẹgbẹ́ ayàwòrán wọn ní Ifẹ̀ níbí ní 1989. "Ìpolówó" nìkan kò lè gbé e.

Ó wá kan eré náà fúnra rẹ̀. Òmùwẹ̀ wà nínú omi. Ẹni tí à ń sọ yìí dùbúlẹ̀ lórí pákó, ó ń fi ọwọ́ wa omi títí ìgbì yóò fi gbé e. Bí ìgbì bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á ga, á ṣíwájú, á sì wó. Níwájú ibi tó ti ń wó yẹn ni ẹni náà ti dìde dúró, tó ń sáré sọ̀kalẹ̀. Ó ń gun ìgbì ni. À ń gun ẹṣin, à ń gun kẹ̀kẹ́, òrìṣà ń gun ẹlẹ́gùn. Àbúrò wa kan ní gígun máa ń lọ sókè, bí ìgbà tí ènìyàn gun igi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti orí òkè bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe pé ó ń gun kẹ̀kẹ́ ni? "Yíyọ̀ lórí ìgbì" tí ó dábàá dùn létí, àmọ́ ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ni mo ń rí tí mo bá kà á. Ẹni tó ń ṣe é ńkọ́? Bí a bá tẹ̀lé "agẹṣin", "agìgbì" ni yóò jẹ́, ìgùn á sì pòórá nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní "agùngbì", kí pákó rẹ̀ sì jẹ́ "pákó ìgùngbì".

Ẹnìkan béèrè pé kí ló kan ará Ifẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkun. Igbó Olókun wà ní ìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius, ará Jámánì, ti rí Orí Olókun ní 1910. Orúkọ yẹn náà ni yunifásítì wa fún ilé àṣà tó dá sílẹ̀ ní 1968. Eré náà kò sì ṣàjèjì sí etí òkun wa. Ní àwọn ọdún 1830, James Edward Alexander, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì. Fíìmù Brown pàápàá dé Senegal, Gánà àti Èkó, àwọn ọmọ Tarkwa Bay, létí òkun Èkó, sì ń gun ìgbì lónìí.

Ó ku òjìji. Òjìji ni ohun tí oòrùn bá fi ara ènìyàn sọ sílẹ̀. Nínú àwòrán yìí, àwọn ènìyàn náà fúnra wọn ló dúdú, nítorí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. "Akẹ̀yìnsímọ́lẹ̀" ni mo dábàá, yálà oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ náà tàbí àtùpà.

Ẹ tún un sọ wò: "Nínú àlẹ̀mógiri yìí, agùngbì gbé pákó rẹ̀ lérí, akẹ̀yìnsímọ́lẹ̀ ni òun àti àwọn méjì yòókù." Mo rí àwòrán náà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tó wà láàárín wa, ẹ̀yin lẹ bá òkun dàgbà. Nígbà tí ọkọ̀ apẹja bá jókòó sẹ́yìn ìgbì kan títí tó fi dé èbúté, kí lẹ̀ ń pe ohun tí atukọ̀ yẹn ṣe? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu yín, mo fara mọ́ ọn pé kí ó gba ipò "gígun ìgbì".